Ọmọkùnrin Tó Gbé Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sínágọ́gù

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 12:1-7, 23:1-20

Bóyá kí o tó ṣí ìwé yìí lówùúrọ̀ yìí ni o ti ń gbọ́ ohùn kọ̀ńdọ́tọ̀ tó ń pe èrò Ìyànà Ìpájà lójú títì. Wo àwọn tó yí ọ ká níbi àdúrà yìí. Mélòó nínú wa ní Gowon Estate, tàbí ní Ẹ̀gbẹ́dá, tàbí ní Ìkọ̀tún àti Ìgàndò, ló lè sọ pé ibí yìí gan-an ni wọ́n ti bí baba baba òun? Èyí wá láti Iléṣà, èyí wá láti Abẹ́òkúta. Aládùúgbò apá ọ̀tún jẹ́ Ìgbò, ti apá òsì jẹ́ Ùròbò. Ọ̀gágun Yakubu Gowon tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ́sítéètì wa, tó ṣe olórí orílẹ̀-èdè yìí láti 1966 sí 1975, òun náà kì í ṣe ọmọ Èkó. Ìdí nìyẹn tí orí kejìlá ìwé Jẹ́nẹ́sísì fi máa ń dùn mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run pe ọkùnrin kan kúrò nílé baba rẹ̀, ó sì ṣèlérí ilẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò tíì fi orí Bíbélì yẹn gbàdúrà ilé tirẹ̀ rí?

Àmọ́ ṣé o ti bi ara rẹ rí bí ìlérí yẹn ṣe ń dún létí àwọn Júù tí a ṣe é fún, nígbà tí wọ́n fọ́n ká gbogbo ayé tí wọn kò sì ní ilẹ̀ kan tí wọ́n lè pè ní tiwọn? Mo fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan fún ọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré títí ó fi darúgbó. Ó ti gbé Èkó rí. Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀, ó sì ti bá àwọn baba ńlá ìjọ wa sọ̀rọ̀ ní Breadfruit. Edward Wilmot Blyden ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1832 ni wọ́n bí i ní ìlú Charlotte Amalie, ní erékùṣù St. Thomas, tó wà lábẹ́ ìjọba Dẹ́ńmáàkì nígbà náà. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ sì ni ìyá rẹ̀. Òmìnira ni àwọn méjèèjì, wọn kì í ṣe ẹrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrú ṣì kún erékùṣù náà títí di ọdún 1848. Ìdílé náà gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbò ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn lọ.

Àárín àwọn Júù ni ilé wọn wà. Àwọn ọmọ Júù ni Edward bá ṣeré. Sínágọ́gù àdúgbò náà wà lórí òkè, ilé tó wà níbẹ̀ títí dòní yìí sì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1833, nígbà tí Edward ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Nígbà tí ọjọ́ ètùtù bá dé, tí gbogbo Júù ìlú bá gbààwẹ̀, ọmọ yìí á wà níta, á máa wo bí wọ́n ṣe ń jọ́sìn. Ẹ̀rù Ọlọ́run á bà á. Nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló kọ ìrántí náà sínú ìwé, ó hàn pé kò gbàgbé. Ìwọ òbí tó ń jí ọmọ lójú oorun wá síbi àdúrà yìí, tó ń rò pé ọmọ náà kàn ń tòògbé ni, ohun tí ojú ọmọ bá rí nínú ilé Ọlọ́run kì í tètè parẹ́.

Ní ọdún 1845, àlùfáà aláwọ̀ funfun kan láti Amẹ́ríkà, John Knox, wá ṣiṣẹ́ ní St. Thomas, ó sì rí i pé ọpọlọ ọmọ yìí pé. Òun ló gbà á níyànjú kó di òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Oṣù karùn-ún ọdún 1850, Edward wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà láti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ní Rutgers. Wọn kò gbà á. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé. Àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wò. Ọdún kan náà ni Amẹ́ríkà ṣe òfin tó jẹ́ kó rọrùn láti mú aláwọ̀ dúdú èyíkéyìí lójú pópó, kí wọ́n sì ní ẹrú tó sá lọ ni. Ọmọ ọdún méjìdínlógún péré, kò ní ẹbí nílùú náà, ilẹ̀kùn tó tìtorí rẹ̀ la òkun kọjá sì ti tì mọ́ ọn lójú.

Ṣé o mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ tí o mú sátífíkéètì rẹ dání, tí wọ́n wojú rẹ tàbí tí wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ, tí gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀?

Àwọn ọ̀rẹ́ Knox nínú ẹgbẹ́ tó ń kó aláwọ̀ dúdú padà sí Áfíríkà ló sọ̀rọ̀ Làìbéríà fún un. Ó gbà. Ó kúrò ní Amẹ́ríkà nínú oṣù kejìlá ọdún 1850, ó sì gúnlẹ̀ sí Monrovia ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1851. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ó sì kọ́ èdè Hébérù kó lè fi ojú ara rẹ̀ ka ohun tí Ìwé Mímọ́ sọ nípa àwọn aláwọ̀ dúdú. Nígbà yẹn, àwọn oníwàásù kan ń fi Bíbélì sọ pé ẹni ègún ni wá láti ìran Hámù. Blyden kò bá wọn jà lásán. Ó lọ kọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ìwé náà. Ìjọ Presbyterian fi í joyè àlùfáà ní ọdún 1858. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Làìbéríà sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 1862, ó ń kọ́ni ní èdè Gíríìkì àti Látìnì.

Ọdún 1862 yẹn kan náà ni ìjọba Làìbéríà rán an lọ sí Amẹ́ríkà láti pe àwọn aláwọ̀ dúdú wálé. Ó rin ìlú dé ìlú, ó ń wàásù. Orí kìíní ìwé Diutarónómì ló mú, níbi tí Mósè ti sọ fún Ísírẹ́lì pé ilẹ̀ náà wà níwájú wọn, kí wọ́n gòkè lọ gbà á, kí wọ́n má fòyà. Ohun tí Blyden ń sọ fún wọn ni pé ìtàn Ísírẹ́lì ni ìtàn wọn: ìgbèkùn, oko ẹrú, lẹ́yìn náà ìpadàbọ̀. Ọ̀pọ̀ gbọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí a dá àwọn tó kọ̀ lẹ́bi. Nínú 4,571 ènìyàn tó lọ sí Làìbéríà láàárín 1820 sí 1843, 1,819 péré ló ṣì wà láàyè níbẹ̀ ní 1843. Ibà pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kú.

Dúró díẹ̀ ná, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ilẹ̀ tí wọ́n pè ní ilẹ̀ ìlérí yẹn, ènìyàn wà lórí rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1821, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Robert Stockton lọ bá ọba tí àwọn òyìnbó ń pè ní King Peter, pé kó ta ilẹ̀ etíkun níbi tí Monrovia wà lónìí. Ọba náà ń fà sẹ́yìn. Ìtàn sọ pé ìbọn ìléwọ́ ni Stockton nà sí i kó tó gbà. Ẹrù tó tó bí ọ̀ọ́dúnrún dọ́là ni wọ́n fi san owó ilẹ̀ náà: ìbọn, ẹtù, tábà, ọtí àti àwọn ohun wẹ́wẹ́ mìíràn.

Wàyí o, padà sí orí kẹtàlélógún Jẹ́nẹ́sísì tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Ọlọ́run ti ṣèlérí gbogbo ilẹ̀ Kénáánì fún Ábúráhámù. Síbẹ̀, nígbà tí Sárà kú, kò ní ibi tí yóò sin ín sí. Ó dìde, ó tẹrí ba níwájú àwọn ọmọ Hétì, ó pe ara rẹ̀ ní àlejò láàárín wọn. Éfúrónì fẹ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ó kọ̀. Ó wọn irinwó ṣékélì fàdákà, owó tó pé, lẹ́nu ibodè ìlú, níwájú àwọn ẹlẹ́rìí. Bíbélì tilẹ̀ ka ohun tó rà lẹ́sẹẹsẹ: oko náà, ihò inú rẹ̀, àti gbogbo igi tó wà láàlà rẹ̀. Bí o bá ti ra ilẹ̀ rí ní Alimọ̀ṣọ́ yìí, o mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Rìsíìtì ni. Èmi náà ti san owó ìpìlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí fún ìdílé kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí pé kò sí ẹlẹ́rìí nígbà tí mo san ti àkọ́kọ́. Ẹni tí Ọlọ́run ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí gbogbo ilẹ̀ fún kò fi ìlérí yẹn yan ẹnikẹ́ni jẹ. Kò fi omijé aládùúgbò pò símẹ́ǹtì. Irúgbìn ìlérí ni Ábúráhámù, ó sì jẹ gbèsè, ó san án.

Àwọn tó padà sí Làìbéríà kò tètè kọ́ èyí. Wọ́n jókòó sí etíkun, wọ́n wọ kóòtù àti fìlà gogoro nínú oòrùn, wọ́n sì ń fi ọmọ onílẹ̀ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọdún 1904 ni wọ́n tó gbà pé ọmọ orílẹ̀-èdè ni àwọn tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Blyden rí àìtọ́ yìí ní kùtùkùtù. Ó ń sọ ọ́, ó ń kọ ọ́ pé Làìbéríà kò ní dúró láé bí kò bá fa àwọn ará inú ilẹ̀ mọ́ra. Ó rin ìrìn àjò lọ bá wọn, ó lọ sí Falaba ní 1872, ó lọ sí Timbo ní 1873. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dùn mọ́ àwọn ọlọ́lá Monrovia.

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí Ọlọ́run ṣèlérí gan-an. Ọdún 1866 ni. Ó fẹ́ kọ́ èdè Lárúbáwá dáadáa, nítorí pé òun ni àwọn ọ̀mọ̀wé inú ilẹ̀ Áfíríkà ń lò. Ó gba Íjíbítì kọjá. Níbi òkúta ńláńlá tí àwọn Fáráò kọ́, ó sanwó fún Lárúbáwá kan kó gbẹ́ orúkọ Làìbéríà sára òkúta, pẹ̀lú orúkọ òun fúnra rẹ̀ àti ọjọ́ náà, 11 oṣù keje. (Èmi kò ní gbà ọ́ níyànjú pé kí o kọ nǹkan sára ògiri onígiri, àmọ́ ó yé mi. Ọmọ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú ló dúró sí Íjíbítì, ilẹ̀ tí Ísírẹ́lì ti sìn.) Láti ibẹ̀ ó lọ sí òkè Lẹ́bánónì, ó sì wọ Jerúsálẹ́mù. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìrìn àjò tó jáde ní 1873.

N kò ní tan ọ́ jẹ pé ẹni mímọ́ láìlábùkù ni. Ní 1871, àwọn ọ̀tá rẹ̀ nínú òṣèlú fi ẹ̀sùn ìṣekúṣe pẹ̀lú ìyàwó ààrẹ kàn án, wọ́n fi okùn sí i lọ́rùn, wọ́n wọ́ ọ kiri ìgboro Monrovia. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa á. Freetown ló sá lọ. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láàyè, obìnrin mìíràn bí ọmọ márùn-ún fún un ní Freetown. Ó díje fún ipò ààrẹ Làìbéríà ní 1885, wọn kò yàn án. Ní 1886 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ àlùfáà Presbyterian sílẹ̀. Ó yin ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Kristẹni kan fi rò pé ó ti yí padà. Ọ̀pọ̀ ibi ni èmi àti ìwọ kò ní lè bá a dé. Ṣùgbọ́n Bíbélì kò fi ẹ̀ṣẹ̀ Jékọ́bù pamọ́ fún wa, bẹ́ẹ̀ ni Jékọ́bù ni ìlérí ilẹ̀ náà gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.

Níkẹyìn, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1891, ó dìde sọ̀rọ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ Breadfruit ní Èkó. Ìpadàbọ̀ àwọn ìgbèkùn àti ìjọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ro àwọn tó ṣeé ṣe kó jókòó síbẹ̀. Sàró ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ìjọ ní agbègbè náà: àwọn ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ogun kó, tí wọ́n tà sínú ọkọ̀, tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n tọ́ ní Freetown, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Badagry àti Abẹ́òkúta láti nǹkan bí ọdún 1839. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó ní Òṣogùn ní 1821, tó tún padà rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, ṣì wà láàyè nígbà náà. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1891 ló kú. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìwé Ẹ́sírà fún wọn. Wọ́n ti gbé inú rẹ̀. Kí oṣù kẹjọ ọdún yẹn tó parí, àwọn kan nínú wọn dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, United Native African Church, ìmọ̀ràn Blyden sì wà lára ohun tó tì wọ́n síbẹ̀.

Ó tún padà sí Èkó ní 1896 láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Gómìnà Carter, ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ títí di 1897. Ìgbà yẹn gan-an ni ìròyìn kan ń kó ayé jọ. Akọ̀ròyìn Júù kan ní ìlú Vienna, Theodor Herzl, kọ ìwé ní 1896 pé kí àwọn Júù ní orílẹ̀-èdè tiwọn. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1897, nǹkan bí igba aṣojú Júù péjọ sí ìlú Basel ní Switzerland láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Blyden kò rẹ́rìn-ín. Ní 1898 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde ní Liverpool lórí ọ̀rọ̀ àwọn Júù, ó sì gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ oníṣòwò Júù. Inú ìwé yẹn ló ti rántí òkè sínágọ́gù St. Thomas. Ó gbà pé ẹ̀tọ́ àwọn Júù ni láti padà sí ilẹ̀ baba wọn, ó sì yin ohun tí Herzl ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run gbé lé Júù lọ́wọ́ ju ilẹ̀ nìkan lọ. Gbogbo ayé ni wọ́n ní láti bù kún. Ó tilẹ̀ rọ̀ wọ́n kí wọ́n wo ìhà Áfíríkà. Padà sí Jẹ́nẹ́sísì 12, ìwọ náà yóò rí apá kejì ìlérí náà níbẹ̀, ní ẹsẹ kẹta, kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wọlé ní ẹsẹ keje. Ìbùkún fún gbogbo ìdílé ayé ló ṣáájú. Àwa la máa ń fò ó kọjá nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ń jẹ wá lẹ́nu.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ fi ilẹ̀ Áfíríkà lọ àwọn Júù ní 1903. Agbègbè tí wọ́n ń pè ní Uganda nígbà náà, tó wà nínú Kẹ́ńyà lónìí, ni wọ́n fẹ́ fún wọn. Kò sẹ́ni tó bi àwọn dúdú tó ń darí màlúù wọn lórí ilẹ̀ náà léèrè. Ọ̀pọ̀ Júù tó wá láti Rọ́ṣíà kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn gan-an ni wọ́n ń pa nílé. Síónì ni wọ́n ń fẹ́. Herzl kú ní 1904, ìpàdé wọn ti 1905 sì kọ ilẹ̀ náà.

Blyden kú sí Freetown ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 1912. Mùsùlùmí àti Kristẹni ló tẹ̀ lé òkú rẹ̀ dé sàárè. Kò rí ọdún 1917, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé pé àwọn fara mọ́ ọn kí àwọn Júù ní ilé ní Palẹ́sínì. Kò rí ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1948, tí wọ́n kéde orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, lẹ́yìn tí Hitler ti pa mílíọ̀nù mẹ́fà nínú wọn ní ilẹ̀ Yúróòpù. Kò sì rí ogun tó tẹ̀ lé e, tí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin àwọn Lárúbáwá fi pàdánù ilé wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé náà títí wọ́n fi kú. Nígbà tí o bá ń gbọ́ ìròyìn Gásà àti Jerúsálẹ́mù lórí rédíò, tí o sì ń gbàdúrà fún Ísírẹ́lì gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe, fi Jẹ́nẹ́sísì 23 sí ẹ̀gbẹ́ Jẹ́nẹ́sísì 12. Ka Léfítíkù 25:23 mọ́ ọn, níbi tí Ọlọ́run ti sọ fún Ísírẹ́lì ẹni tó ni ilẹ̀ náà gan-an, àti ohun tí àwọn jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Sínágọ́gù orí òkè yẹn ṣì wà ní St. Thomas, tó ti di ti Amẹ́ríkà láti ọdún 1917. Iyanrìn ni ilẹ̀ inú rẹ̀ títí dòní, wọn kò tẹ́ nǹkan kan sórí rẹ̀. Oríṣiríṣi ìdí ni àwọn ènìyàn máa ń sọ fún un; ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé ó ń rán wọn létí aginjù, ogójì ọdún tí àwọn baba wọn fi rìn kí wọ́n tó dé.

Àdúrà: Bàbá, rántí gbogbo ayálégbé tó wà níbi àdúrà yìí, tí owó ilé wọn ti pé. Rántí Jerúsálẹ́mù àti gbogbo àwọn tó ń sùn nínú rẹ̀ lálẹ́ òní, Júù àti Lárúbáwá. Rántí àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi. Ní orúkọ Jésù.